Ìkòkò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Tábìlì Kan: Bí Ìdílé Ṣe Ń Jẹun Níta ní Singapore

   Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ààrò, tẹ́ ẹ ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ wa, ẹ má jẹ́ kó jóná o, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí.

Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ẹ jẹ́ ká yẹ òwe yẹn wò dáadáa. Bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó, tí mẹ́ta ń jẹun, tí ẹ̀kẹrin ń wò wọ́n lẹ́nu, oúnjẹ yẹn ò ní í lọ geere lọ́nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Kí ló wá lè fà á tí ẹnìkan ò fi ní ní? Ṣé àìlówó nìkan ni? Rárá o. Èèwọ̀ náà ń bẹ. Oúnjẹ lè kún orí tábìlì fọ́fọ́, kí ẹnìkan má sì rí èyí tó lè fẹnu kàn nínú rẹ̀. Mùsùlùmí ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́sìn Híńdù ò jẹ màlúù. Àwọn kan wà nínú ẹlẹ́sìn Búdà tí wọn kì í jẹ ẹran rárá. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé aládùúgbò làwọn èèyàn wọ̀nyí, tàbí pé iléèwé kan náà làwọn ọmọ wọn ń lọ, tàbí kẹ̀ pé wọ́n ti fẹ́ra wọn di mọ̀lẹ́bí, báwo ni wọ́n ṣe máa jókòó jẹun pọ̀?

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyẹn. Ibi tí a ó sì ti wá ìdáhùn rẹ̀ jìnnà síbí díẹ̀. Orílẹ̀-èdè Singapore ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà.

Singapore jẹ́ ìlú kan tó tún jẹ́ orílẹ̀-èdè. Erékùṣù ni, ní ìsàlẹ̀ Malaysia, ooru sì ń mú níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ọdún 1819 làwọn Gẹ̀ẹ́sì dá èbúté òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1965 ni Singapore kúrò lábẹ́ Malaysia tó sì dá dúró. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí tó bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Bí ẹ bá kó ọmọ onílẹ̀ mẹ́rin jọ, mẹ́ta nínú wọn ló ṣeé ṣe kí àwọn baba ńlá wọn ti Ṣáínà wá. Àwọn Malay ló tẹ̀ lé wọn, Mùsùlùmí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà làwọn tó ṣẹ̀ wá láti Íńdíà, àwọn Tamil ló sì pọ̀ jù nínú àwọn yẹn. Ẹ̀sìn ò dọ́gba, ahọ́n ò dọ́gba, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá ò dọ́gba.

Níbo wá ni wọ́n ti ń pàdé jẹun? Ibi tí wọ́n ń pè ní hawker centre ni. Àwa ó máa pè é ní gbàgede oúnjẹ. Báwo ló ṣe rí? Òrùlé ńlá kan ni tí kò ní ògiri yíká, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Fáànù ń yí lókè. Tábìlì ló kún ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, tòun ti àga wọn. Ìsọ̀ kéékèèké wá tò lọ bẹẹrẹ. Gbàgede kékeré lè ní bí ogún ìsọ̀, ti ńlá lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní alásè tirẹ̀, iná tirẹ̀, ìkòkò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn alásè yìí ni kì í se ju oúnjẹ kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó bá ń se ìrẹsì aládìyẹ, ìrẹsì aládìyẹ náà ni yóò máa sè láti ìgbà èwe dé ìgbà ogbó, ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ́ nídìí rẹ̀ débi pé kò nílò òṣùwọ̀n mọ́.

Ta ló wá ni tábìlì? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kò sí ìsọ̀ kankan tó ni tábìlì. Ẹ lè ra oúnjẹ nísọ̀ ti ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ wá jókòó síwájú ìsọ̀ tẹ́ ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ibẹ̀ ni àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ jẹ́ n tún un sọ: ìsọ̀ lólówó, ìkòkò lólówó, ṣùgbọ́n tábìlì ò lólówó.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìdílé kan ṣàpẹẹrẹ, irú èyí tí èèyàn lè bá pàdé níbẹ̀. Ìyá àgbà jẹ́ ọmọ Ṣáínà, ẹlẹ́sìn Búdà ni. Bí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn rẹ̀, kì í fẹnu kan ẹran lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù òkè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ obìnrin Malay, ó sì gba ẹ̀sìn Islam kí ìgbéyàwó náà tó wáyé. Wọ́n bí ọmọ méjì. Aládùúgbò wọn, Tamil ni tọkọtaya náà, ẹlẹ́sìn Híńdù, wọ́n sì jọ jáde lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó wá bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù. Tó bá jẹ́ ilé ẹnìkan ni wọ́n ti fẹ́ jẹun, báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa ṣe é? Ìkòkò mélòó ló máa gbé kaná?

Ní gbàgede oúnjẹ, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìyá àgbà jókòó ti tábìlì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kọrí sí ìsọ̀ Malay, ó ra nasi lemak. Ìrẹsì tí wọ́n fi oje àgbọn sè ni, wọ́n á fi ẹja wẹẹrẹ díndín sí i, ẹ̀pà, kùkúḿbà, ẹyin, àti ata lílọ̀. Nínú ata yẹn ni belacan wà, ìyẹn edé tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n gún, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan. Ẹni tó bá mọ bí irú ṣe ń ṣe nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti mọ iṣẹ́ tí belacan ń ṣe. Àwọn ọmọ ní satay làwọn fẹ́, ẹran tí wọ́n gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n yan lórí èédú, tí wọ́n ń rì bọ inú ọbẹ̀ ẹ̀pà. Bàbá wọn lọ síwájú ìsọ̀ àwọn tí kì í se ẹran, ó bá ìyá rẹ̀ ra núdùùsì tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú olú, ẹ̀fọ́ àti wàrà ẹ̀wà sóyà. Àwọn Tamil gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà lọ, wọ́n ra thosai, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì àti irú ẹ̀wà kékeré kan lọ̀ pọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀, tí wọ́n sì dín ní pẹlẹbẹ.

Gbogbo wọn wá padà sídìí tábìlì kan. Ẹni tó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì jẹun ń fi igi méjì jẹun. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹlòmíràn fi èèwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òun, kò sì sẹ́ni tí ebi pa. Àjọjẹ wá dùn, torí kálukú ló ní.

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwo ńkọ́? Ṣé àwo tí wọ́n fi bu ẹlẹ́dẹ̀ fún ẹnìkan láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n máa fi bu ìrẹsì fún Mùsùlùmí lọ́sàn-án? Ìbéèrè tó dáa ni. Àwọn ìsọ̀ tí oúnjẹ wọn hàlálì ní àwo tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn kan nínú wọn so ìwé ẹ̀rí kọ́ iwájú ìsọ̀, èyí tí ìgbìmọ̀ ẹ̀sìn Islam ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní MUIS, fún wọn. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá tíréè padà, ibi méjì ni wọ́n sì pèsè sílẹ̀ fún un: ti hàlálì lọ́tọ̀, èyí tí kì í ṣe hàlálì lọ́tọ̀. Ìlànà kékeré ni lójú ẹni tí kò kàn. Fún ẹni tó kàn, òun ló mú kó lè jókòó kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

N ò ní í purọ́ fún yín pé gbogbo Mùsùlùmí ló máa ń jókòó sídìí tábìlì tí ẹlẹ́dẹ̀ wà. Àwọn kan ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Kí lọ̀rẹ́ wọn máa ń ṣe? Ó máa ń bá wọn lọ sí ibi tí oúnjẹ àwọn Malay pọ̀ sí jù, bíi Geylang Serai, kí gbogbo wọn lè jẹun pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí èèwọ̀ rẹ̀ le jù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Èmi rò pé ìwà ọmọlúwàbí gidi nìyẹn, ó sì wù mí kí tiwa náà máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà ìnáwó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kejì. Ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ni gbàgede oúnjẹ wọ̀nyí? Ṣé wọ́n kàn hù bí olú ni? Rárá o. Èèyàn ló ṣe é.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Ṣáínà àti Íńdíà wá ṣiṣẹ́ ní èbúté yẹn, ọkùnrin ni wọ́n. Wọn ò kó ìyàwó wá. Yàrá tóóró ni wọ́n fún pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ò sì ní ibi ìdáná. Níbo ni wọ́n ti máa jẹun? Ojú títì ni. Akiriọjà á gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, á so apẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú, á so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn, iná ń bẹ lápá kan, oúnjẹ ń bẹ lápá kejì. Bó ṣe ń lọ ló ń polówó. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, tí iṣẹ́ ò sí, àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú títì tún pọ̀ sí i.

Oúnjẹ wọn dùn, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ò sí. Inú garawa kan náà ni wọ́n ti ń fọ àwo láti àárọ̀ dalẹ́. Gọ́tà ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, eku àti eṣinṣin sì ń yọ̀. Ẹ̀rù onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń ba àwọn aláṣẹ. Ọlọ́pàá á lé wọn lónìí, wọ́n á padà lọ́la. Kí ni ìjọba wá ṣe? Lọ́dún 1968 sí 1969, wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, wọ́n fún wọn níwèé àṣẹ. Láti ọdún 1971 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbàgede tó ní omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti gọ́tà tó dáa, wọ́n sì ń kó wọn wọ ibẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn fún ìsọ̀. Nígbà tó fi máa di 1986, iṣẹ́ náà ti parí. Ẹ ò rí i? Bí ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi katakata wó ìsọ̀ wọn lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń gbọ́ wa. Ẹni tí a bá lé kúrò lójú títì láìfún un níbi tó máa lọ, ojú títì náà ló ń padà sí.

Ohun kejì tó mú kí tábìlì yẹn gba gbogbo ẹ̀yà ni ilé gbígbé. Bíi mẹ́jọ nínú èèyàn mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó níwèé ìgbélùú ló ń gbé nínú ilé alájà tí ìjọba kọ́. Lọ́dún 1989, ìjọba gbé òfin kan jáde pé ẹ̀yà kan ò gbọdọ̀ gba ilé kan tàbí àdúgbò kan mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Òfin tó le ni o. Ẹni tó fẹ́ ta ilé rẹ̀ lè rí oníbàárà tó lówó lọ́wọ́, kí wọ́n sì sọ fún un pé ààyè ẹ̀yà oníbàárà yẹn ti kún. Ó máa ń dun àwọn tó bá kan. Síbẹ̀, ibi tí òfin yẹn já sí hàn kedere nígbà oúnjẹ alẹ́. Gbàgede tó wà nítòsí ilé, oníṣòwò ibẹ̀ ń sè fún Malay, ó ń sè fún Tamil, ó ń sè fún ọmọ Ṣáínà, torí gbogbo wọn ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti àtẹ̀gùn kan náà.

Nígbà tí ìkòkò bá sì wà nítòsí ara wọn tó báyìí, ṣé ẹ rò pé ọbẹ̀ ò ní í kọ́ nǹkan lára ọbẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú laksa. Àwọn oníṣòwò láti Ṣáínà tí wọ́n tètè dé àgbègbè yẹn fẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Núdùùsì wá láti apá ọkọ, oje àgbọn àti èròjà ọbẹ̀ wá láti apá ìyàwó, wọ́n pàdé nínú àwo kan, ó di laksa. Ẹ tún wo ọbẹ̀ orí ẹja. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé alásè kan láti Kerala ní Íńdíà ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Ṣáínà fẹ́ràn orí ẹja púpọ̀. Àwọn èèyàn tirẹ̀ kì í ka orí ẹja sí nǹkan gidi. Ló bá gbé orí ẹja ńlá sínú ọbẹ̀ Íńdíà, pẹ̀lú àjàgbọn àti ilá. Àwọn ọmọ Ṣáínà rọ́ dé. Nígbà tó yá, àwọn alásè ọmọ Ṣáínà náà bẹ̀rẹ̀ sí í se tiwọn. Ta ló wá ni ọbẹ̀ yẹn báyìí? Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ti Íńdíà wá, ẹ ó rí mee goreng níbẹ̀: núdùùsì àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi ata àti tòmátò dín, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é, èdè Malay ni. Ẹ̀yà mẹ́ta nínú àwo kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń jẹ ẹ́ ò mọ̀ pé ìtàn ìlú òun lòun ń jẹ.

Báwo ni ìwà èèyàn ṣe ń rí níbẹ̀? Ohun kan wà tó máa ya ọmọ Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ́nu. Lọ́sàn-án, tí èrò pọ̀, ẹ máa rí tábìlì tó ṣófo, páálí tíṣù kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ má jókòó síbẹ̀ o. Ẹnìkan ló fi tíṣù yẹn gba àyè kó tó lọ ra oúnjẹ. Kò sí òfin tó ti í lẹ́yìn, gbogbo ìlú ló kàn fara mọ́ ọn. Ẹ sì máa rí arúgbó tàbí aláàbọ̀ ara tó ń kiri tíṣù láàárín tábìlì. Ẹ bá wọn rà á, ẹ máa lò ó. Kì í ṣe orúkọ ni wọ́n fi ń pe àgbà alásè. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, uncle ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, auntie ni, kódà bí oníbàárà ò bá a tan. Ọmọ Yorùbá ò ní í ṣàjèjì nínú ìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí tíréè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, òfin ni kéèyàn dá a padà kó sì palẹ̀ tábìlì mọ́. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Bó bá tún un ṣe, á sanwó ìtanràn.

Kí ló dé tí ìdílé fi ń jẹun níta tó bẹ́ẹ̀? Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, òun ni. Àwo kan sábà máa ń wà láàárín dọ́là Singapore mẹ́rin sí mẹ́fà. Tọkọtaya tó ti iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ á ṣírò rẹ̀ wò, wọ́n á rí i pé iye tí wọ́n máa fi ra nǹkan ọbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ilé ìjẹun tó ní ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi owó ìtọ́jú oníbàárà lé iye oúnjẹ, wọ́n á tún fi owó orí lé e.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àjọ UNESCO kọ àṣà gbàgede oúnjẹ yìí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ogún ìran ènìyàn. Ìwé yẹn náà ni wọ́n kọ Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa sí. Ẹ ò rí i pé wọ́n ka jíjẹun pọ̀ sí nǹkan tó tóbi!

Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú, kò sì yẹ kí n fi pa mọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sè níbẹ̀ ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti se omi ọbẹ̀, wọ́n ń dúró nídìí iná nínú ooru, wọ́n sì ń lọ sílé lálẹ́. Owó yẹn ni wọ́n fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ọmọ yẹn ti di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì báyìí. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò bá wá fẹ́ rọ́pò ńkọ́?

Ìjọba ń gbìyànjú. Ètò wà tí ọ̀dọ́ fi lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà alásè. Ètò mìíràn wà tí àgbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì á fi gbé ìmọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ lé ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹni náà á sì jogún ìsọ̀. Mo gbà pé ó dáa. Àmọ́ lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun ju bó ṣe kù sọ́wọ́ ìjọba lọ. Bí alásè bá fi díẹ̀ lé owó oúnjẹ rẹ̀, ariwo á sọ. Àwọn tó ń pariwo yìí náà ló máa sanwó ńlá fún kọfí kan nínú ilé olówó gọbọi láìjanpata. Ọ̀dọ́ tó gbọ́n máa rí ìyẹn, á sì ṣírò rẹ̀ kó tó pinnu bóyá òun máa gba ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́ uncle.

Ibi tí àkókò wa mọ lónìí nìyí. Bí ọmọ yín bá wà ní Singapore, tàbí tó ń múra àtilọ, ẹ sọ fún un pé kó lọ sí gbàgede oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Lau Pa Sat lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti dí títì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, táwọn aláyan satay sì ti gbé tábìlì síta. Kó mú tíṣù dání.